Eyín pa 470, ìràwọ̀ pa 13: bí a ṣe ń ka àkọsílẹ̀ ohun tó pa òkú àtijọ́

Ní ọdún 1632, òkú 9,535 ni wọ́n sin ní Lọ́ńdọ̀nù. Ìwé ọdún náà ṣì wà, ó sì to ohun tó pa wọ́n tẹ̀lé ara wọn láti A dé W. Ibà pa 1,108. Eyín pa 470. Ìbànújẹ́ pa 11. Ìràwọ̀ pa 13. Ẹ̀rù pa ẹnì kan péré, jẹ̀díjẹ̀dí náà pa ẹnì kan. Àjàkálẹ̀ àrùn eku (plague) tí gbogbo ìlú ń gbọ̀n fún, àwọn mẹ́jọ péré ló pa lọ́dún yẹn.

Ẹni tó bá ń ka irú ìwé yìí fún ìgbà àkọ́kọ́ á kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín, lẹ́yìn náà á bẹ̀rẹ̀ sí í túmọ̀ rẹ̀: "Ibà yìí, malaria ni. Ti eyín yìí, wọn ò mọ nǹkan kan ni." Ibẹ̀ gan-an ni àṣìṣe ti ń wọlé. Ìwé ikú kì í sọ ohun tó pa òkú fún wa tààrà. Ohun tí ẹni tó wo òkú rí ló ń sọ, pẹ̀lú orúkọ tó wà lẹ́nu rẹ̀, fún ọ̀gá tó rán an níṣẹ́. Kí a tó gba iye kankan gbọ́, ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ ẹni tó wò ó, orúkọ tó ní lọ́wọ́, àti ìdí tí wọ́n fi rán an.

Àwọn ìyá àgbà tó ń yẹ òkú wò

Bills of Mortality ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń pe ìwé náà. Ìbẹ̀rù àjàkálẹ̀ àrùn eku ló bí i: ìjọba fẹ́ tètè mọ̀ bí àrùn náà bá ti ń ràn ládùúgbò kan, kí àwọn ọlọ́lá lè ráyè sá kúrò nílùú. Láti òpin ọdún 1603 ló ti ń jáde lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ láìsinmi, ṣùgbọ́n ọdún 1629 ni wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ gbogbo ohun mìíràn tó ń pani sínú ìwé ọdọọdún.

Bí ẹnì kan bá kú, wọ́n á lu agogo ṣọ́ọ̀ṣì, tàbí kí ẹbí lọ bẹ àwọn agbẹ́lẹ̀ níṣẹ́ sàréè. Ibẹ̀ ni ìròyìn á ti dé etí àwọn ìyá àgbà tí wọ́n ti mú búra fún iṣẹ́ náà. Wọ́n á wọlé, wọ́n á wo òkú, wọ́n á bi àwọn ará ilé léèrè, wọ́n á sì lọ rò fún akọ̀wé ìjọ. Ní alẹ́ ọjọ́ Ìṣẹ́gun, akọ̀wé kọ̀ọ̀kan á kó tirẹ̀ lọ sí gbọ̀ngàn ẹgbẹ́ àwọn akọ̀wé. Ní Ọjọ́rú wọ́n á ṣírò rẹ̀ pọ̀, wọ́n á tẹ̀ ẹ́. Bó bá di Ọjọ́bọ̀, ó ti dọ́wọ́ àwọn tó ń san ṣílè mẹ́rin lọ́dún fún un.

Ètò náà mọ́lẹ̀ dáadáa, ṣùgbọ́n ó ní ihò. Ẹni tí wọn ò bá sin ní ìlànà ìjọ Áńgílíkà kò sí nínú ìwé, nítorí náà àwọn Júù, àwọn Quaker àti àwọn ìjọ tó yapa kò wọ inú ìṣirò. Kò sí ọjọ́ orí òkú níbẹ̀ rárá títí di 1728. Àwọn ìyá tó ń wo òkú kì í sì í ṣe dókítà.

John Graunt, oníṣòwò kan tó ń ta òwú àti bọ́tìnì ní Lọ́ńdọ̀nù, ló kọ́kọ́ jókòó ti àwọn ìwé yìí, tó kó wọn jọ láti ọdún dé ọdún, tó sì tẹ ohun tó rí jáde ní 1662. Kò fepo bọyọ̀. Ó ní bí àwọn ìyá yìí bá ti mu ife bíà kan, tí ẹbí sì fi pẹ́nì mẹ́jọ há wọn lọ́wọ́ dípò mẹ́rin tó tọ́ sí wọn, wọn ò ní mọ ìyàtọ̀ láàárín ẹni tí ikọ́ ẹ̀gbẹ gbẹ àti ẹni tí àrùn ìbálòpọ̀ jẹ tán. Ó ní ẹ̀rí tó fi sọ bẹ́ẹ̀. Àwọn tí ìwé sọ pé àrùn ìbálòpọ̀ pa kéré jọjọ, 12 péré ní 1632, nínú ìlú tí àrùn náà ti gbilẹ̀. Nígbà tó wo ibi tí wọ́n ti wá, ó rí i pé ìjọ méjì péré, St Giles àti St Martin-in-the-Fields, ló ń fi orúkọ yẹn ránṣẹ́. Àwọn tí ilé aṣẹ́wó pọ̀ sí ládùúgbò wọn ni. Ó wá yé e pé ẹni tí àrùn náà ti jẹ imú rẹ̀ tán, tí kò sì ní alágbàwí, nìkan ni wọ́n ń kọ òótọ́ fún. Àwọn yòókù wà lábẹ́ "ikọ́ ẹ̀gbẹ", tó jẹ́ 1,797 ní 1632.

Ìtìjú ń yí orúkọ ikú padà níbi gbogbo. Láyé àtijọ́ nílẹ̀ Yorùbá, ẹni tí ìgbóná bá pa, a kì í dárúkọ ohun tó pa á ní gbangba, a kì í sì í sunkún rẹ̀. Ọpẹ́ ni ẹbí ń dá, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń pe òrìṣà náà ní Alápadúpẹ́. Bí akọ̀wé bá wá bi irú ẹbí bẹ́ẹ̀ léèrè lẹ́yìn ọdún mẹ́wàá, kí ni yóò gbọ́?

Ti àjàkálẹ̀ àrùn tún le ju ti ìtìjú lọ, nítorí ìyà wà nínú rẹ̀. Bí ìyá àgbà bá fi lè sọ pé àjàkálẹ̀ ló pa ẹnì kan, wọ́n á ti ilẹ̀kùn ilé náà pa mọ́ àwọn alààyè tó wà nínú rẹ̀ fún ogójì ọjọ́, wọ́n á sì fi ọ̀dà pupa kọ àgbélébùú sí i lára. Ta ni kò ní wá pẹ́nì mẹ́rin kún pẹ́nì mẹ́rin? Ní 1665, ìwé ọdún náà ka òkú 97,306, ó sì gbé 68,596 nínú wọn fún àjàkálẹ̀. Ẹ wo ọ̀sẹ̀ tó burú jù, ọjọ́ 12 sí 19 oṣù kẹsàn-án: òkú 8,297, àjàkálẹ̀ 7,165. Ẹ yọ èkejì kúrò nínú èkíní, ó ku 1,132. Nígbà tí ara tu ìlú, gbogbo òkú ọ̀sẹ̀ kan kì í sábàá ju 300 sí 400 lọ. Kí ló wá dé tí "ibà", "eyín" àti "ikọ́ ẹ̀gbẹ" fi ń pa ìlọ́po mẹ́ta nínú ìlú tí ọ̀pọ̀ ti sá kúrò? Àjàkálẹ̀ tó wọ aṣọ ẹlòmíràn ni. Ìṣirò kékeré yìí, kí á fi iye òkú tó máa ń kú tẹ́lẹ̀ wé iye tó kú báyìí láìwo orúkọ àrùn, òun náà ni wọ́n fi mọ iye tí kòrónà pa gan-an ní 2020 àti 2021.

Ọjọ́ orí tó di àìsàn

Ẹ padà sí 1632. Ohun tó pa ènìyàn jù lọ lọ́dún náà ni ohun tí ìwé pè ní "Chrisomes and Infants": 2,268. Aṣọ funfun tí wọ́n fi ń we ọmọ nígbà ìrìbọmi ni chrisom. Ọmọ tó bá kú láàárín oṣù kan tí wọ́n bí i, aṣọ yẹn ni wọ́n fi ń sin ín, ó sì ń jẹ́ orúkọ aṣọ náà. Ìyẹn ni pé orúkọ yìí kò sọ ohun tó pa ọmọ rárá. Iye ọjọ́ tó lò láyé ló sọ. "Ogbó" tó pa 628 bá a mu: ọjọ́ orí ni òun náà sọ. Bí ẹ bá ro àwọn ọmọ tuntun, ikọ́ ẹ̀gbẹ àti ibà pọ̀, 5,173 ni, ó ju ìdajì gbogbo òkú ọdún náà lọ, bẹ́ẹ̀ ni kò sí ọ̀kan nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tí dókítà òde òní lè fi ṣe orúkọ àrùn kan pàtó.

Eyín náà jẹ́ ọjọ́ orí. Láti oṣù mẹ́fà sí ọdún méjì ni eyín ń hù. Àkókò yẹn gan-an ni ọmọ ń bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ oúnjẹ mìíràn yàtọ̀ sí ọmú, tó ń mu omi, tó ń rákò, tó ń ki gbogbo ohun tó bá rí bọ ẹnu, tí ààbò tó gbà lára ìyá rẹ̀ sì ti ń dínkù. Ìgbẹ́ gbuuru ló ń pa á. Ìyá àgbà wo ẹnu, ó rí èrìgì tó wú, ó kọ eyín. Kí a má tètè fi í ṣe yẹ̀yẹ́ o. Nílé wa títí dòní, bí ara ọmọ bá gbóná tó sì ń yàgbẹ́, "eyín ló ń hù" ni ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́. Òògùn eyín tí wọ́n fi diethylene glycol, kẹ́míkà tó ń ba kíndìnrín jẹ́, pò ní Nàìjíríà ní òpin 2008 pa ọmọ tó lé ní 80. Ìgbàgbọ́ tó wà nínú ìwé 1632 ló ṣì ń ta òògùn náà.

Àwọn orúkọ kan sì jẹ́ àmì tí àrùn ń fi hàn. "Convulsion", 241, gìrì ni. Ẹni tó bá sọ pé gìrì ló pa ọmọ kò parọ́, ṣùgbọ́n ibà ẹ̀fọn ń fa gìrì, àrùn awọ ọpọlọ ń fà á, ìwọ́ tí wọ́n fi ohun ìdọ̀tí gé náà ń fà á. "Dropsy", 267, ara wíwú ni: ọkàn, kíndìnrín tàbí ẹ̀dọ̀ ló lè wà lẹ́yìn rẹ̀. "Ague", 43, ibà tó ń gbọ̀n tó ń lọ tó ń bọ̀, ni a lè fi ọwọ́ sọ̀yà díẹ̀ pé malaria pọ̀ nínú rẹ̀, nítorí malaria wà ní àwọn àbàtà ẹ̀bá odò Thames nígbà náà. Lára 1,108 tí "ibà" lásán pa, taifọ́ọ̀dù ń bẹ níbẹ̀, typhus, ibà tí iná inú aṣọ ń kó ranni, náà ń bẹ níbẹ̀, àti ohun púpọ̀ mìíràn.

Díẹ̀ nínú àwọn orúkọ náà kò ṣòroó mọ̀. "Jawfaln", 8, ẹ̀rẹ̀kẹ́ tó há: tẹ́tánọ́ọ̀sì. "King's Evil", 38, kókó ọrùn tí ikọ́ ẹ̀gbẹ ń fà. Ọba Gẹ̀ẹ́sì ń fọwọ́ kan aláìsàn rẹ̀ kí ó lè sàn, ibẹ̀ ni orúkọ ti wá. "Cancer and Wolf", 10: ìkookò ni wọ́n pe egbò tó ń jẹ ẹran ara, bí àwa náà ṣe wo ohun kan náà tí a pè é ní jẹjẹrẹ. "Planet", 13, ni ẹni tó ṣubú lójijì tí ẹ̀yà ara rẹ̀ sì kú, tí wọ́n gbà pé ìràwọ̀ ló lù ú. Rọpárọsẹ̀ á pọ̀ níbẹ̀. "Suddenly", 62, kò tilẹ̀ gbìyànjú àlàyé. Ó jọ "lẹ́yìn àìsàn ránpẹ́" tí a ń kọ sára pátákó òkú.

Ohun tó yẹ kí a yẹra fún ni kí a máa pààrọ̀ orúkọ àtijọ́ fún tòní bí ẹni ń pààrọ̀ owó. Graunt ti fi ọ̀nà tó dára ju bẹ́ẹ̀ lọ hàn. Ó ṣàkíyèsí pé àrùn egungun rírọ̀ àwọn ọmọdé kò sí nínú ìwé kankan títí di 1634, nígbà tó yọjú pẹ̀lú òkú 14, tó sì ń pọ̀ sí i lọ́dọọdún. Ṣé àrùn tuntun ni àbí orúkọ tuntun? Ó lọ wo àwọn orúkọ tó múlé gbè é, irú bí "Livergrown", ẹ̀dọ̀ tó wú, láti mọ̀ bóyá wọ́n ń dínkù bí èyí ṣe ń pọ̀. Bí àrùn kan bá ga tí aládùúgbò rẹ̀ sì wálẹ̀ lọ́dún kan náà, orúkọ ló ṣí kúrò, àrùn kò kúrò níbi tó wà.

Láti ábídí sí kóòdù

Ní ọjọ́ kìíní oṣù keje 1837, ìjọba gba iṣẹ́ náà kúrò lọ́wọ́ ṣọ́ọ̀ṣì ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Wales. William Farr, dókítà tó di aṣírò wọn ní 1839, ráhùn lọ́gán pé àrùn kan ń jẹ́ orúkọ mẹ́ta tàbí mẹ́rin, orúkọ kan náà sì ń jẹ́ ti àrùn mẹ́ta tàbí mẹ́rin. Ó ní bí òṣùwọ̀n ṣe jẹ́ fún ẹni tó ń wọn nǹkan ni orúkọ àrùn jẹ́ fún ẹni tó ń ka òkú. Ó kó àrùn sí agbo márùn-ún: àwọn tó ń ràn ká ìlú, àwọn tó ń bá gbogbo ara jà, àwọn tó jókòó síbi kan nínú ara, àwọn tó bá ìdàgbàsókè wá, àti ìpalára. Nígbà tí àwọn orílẹ̀-èdè pàdé ní Brussels ní 1853, wọ́n ní kí òun àti Marc d'Espine, dókítà ará Geneva, ṣe ìwé orúkọ àrùn kan ṣoṣo. Wọ́n gbé ìwé méjì wá ní 1855, nítorí ìrísí àrùn ni d'Espine fi ń pín tirẹ̀, ìpàdé náà sì kó méjèèjì pọ̀ di orúkọ 139.

Jacques Bertillon, aṣírò ìlú Paris, ló gbé èyí tó dúró jáde ní Chicago ní 1893, orúkọ 161. Ní 1900, orílẹ̀-èdè 26 fẹnu kò ní Paris lórí orúkọ 179, pé kí wọ́n máa tún un ṣe ní ọdún mẹ́wàá-mẹ́wàá. Àjọ ìlera àgbáyé, WHO, gbà á ní 1948 pẹ̀lú àtúnṣe kẹfà. ICD (International Classification of Diseases) ni a mọ̀ ọ́n sí báyìí, ohun kọ̀ọ̀kan tó ń pani sì ní kóòdù tirẹ̀ níbẹ̀, àtúnṣe kọkànlá sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1 oṣù kìíní 2022.

Àtúnṣe 1948 ló dáhùn ìbéèrè tó ti ń da gbogbo wọn láàmú: bí ohun mẹ́ta bá tẹ̀léra tí ènìyàn fi kú, èwo ni a ó kà? Ìdáhùn wọn ni pé ohun tó bẹ̀rẹ̀ ẹ̀wọ̀n náà ni. Fọ́ọ̀mù tí dókítà ń kọ ní apá méjì. Apá Kìíní ní ìlà bíi mẹ́rin, a dé d, ìlà kọ̀ọ̀kan sì ní àyè fún bí ó ti pẹ́ tó kí ikú tó dé. Ohun tó pa á gẹ́lẹ́ ló ń wọ ìlà a, ohun tó fa ìyẹn wọ ìlà b, a ó sì máa sọ̀ kalẹ̀ bẹ́ẹ̀ títí dé ìdí rẹ̀. Apá Kejì wà fún àìsàn tó bá wọn dá sí i ṣùgbọ́n tí kò sí nínú ẹ̀wọ̀n.

Ẹ jẹ́ ká fi ìyá kan ṣe àpẹẹrẹ, tí ọ̀kadà gbá nígbà tó ń sọdá títì. Ìlà a: ẹ̀jẹ̀ tó dì tó sì lọ dí iṣan ẹ̀dọ̀fóró, wákàtí méjì. Ìlà b: egungun itan tó ṣẹ́, tó fi wà lórí bẹ́ẹ̀dì, ọjọ́ mẹ́wàá. Ìlà c: ọ̀kadà gbá a, ọjọ́ mẹ́wàá. Apá Kejì: àtọ̀gbẹ, ọdún mẹ́jọ. Dókítà á sọ pé ẹ̀jẹ̀ dídì ni, àwọn ọmọ á ní ọ̀kadà ló pa ìyá àwọn. Àwọn ọmọ ni ìwé àgbáyé dá láre: V02 ni kóòdù tó máa gbà ní ICD-10, ẹni tó ń fẹsẹ̀ rìn tí alùpùpù gbá. Ìdí rẹ̀ ni pé bí a bá fẹ́ dènà irú ikú yìí, ìlà tó kẹ́yìn ni a ti lè dí i lọ́nà.

Ibi tí fọ́ọ̀mù yìí ti ń bàjẹ́ pọ̀. Èyí tó wọ́pọ̀ jù ni kí dókítà kọ "ọkàn dákẹ́" sí ìlà a kí ó sì lọ sílé. Kò sí òkú tí ọkàn rẹ̀ kò dákẹ́. Àwọn mìíràn ń kọ ọ́ sódì, ìdí wá sókè, àbájáde wá sísàlẹ̀. Àkókò tí wọ́n kọ sí ẹ̀gbẹ́ ló ń tú àṣírí wọn, nítorí ohun tó pẹ́ jù gbọ́dọ̀ wà nísàlẹ̀ tàbí kí ó bá tòkè rẹ̀ dọ́gba. Bí dókítà bá kọ ibà lásán, R50 ni yóò gbà, ogbó, R54, bí kò bá kọ ohun tó ní láárí, R99. Orí R ni ilé àwọn àmì àti ohun tí kò yéni. Bí ẹ bá rí orílẹ̀-èdè tí R pọ̀ nínú ìwé ikú rẹ̀, 1632 ni wọ́n ṣì wà.

Ohun kan tún wà tó ń tan àwọn tó ń ya àwòrán iye òkú láti ọdún dé ọdún jẹ. Ní 1949, tí Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ sí í lo àtúnṣe kẹfà, iye àwọn tí àtọ̀gbẹ pa já wálẹ̀ lójijì. Kò sí òògùn tuntun lọ́dún yẹn. Tẹ́lẹ̀, ìwé ìlànà kan ló ń pinnu àìsàn tó ṣíwájú bí méjì bá wà lórí fọ́ọ̀mù, àtọ̀gbẹ sì sábà máa ń borí. Láti 1949, bí dókítà ṣe to ẹ̀wọ̀n ni wọ́n ń tẹ̀ lé. Nítorí èyí ni àwọn ọ́fíìsì tó mọṣẹ́ fi ń kó fọ́ọ̀mù ọdún kan náà, tí wọ́n á fún un ní kóòdù lẹ́ẹ̀mejì, ti ògbólógbòó àti ti tuntun, láti mọ iye tí àyípadà náà jẹ. Ẹ wá ìṣirò yẹn kí ẹ tó fi 1948 wé 1950.

Ibi tí dókítà kò sí

Ní Nàìjíríà, òfin ìforúkọsílẹ̀ ìbí àti ikú ti 1992 gbé iṣẹ́ náà fún àjọ ètò ìkànìyàn, síbẹ̀ ọ̀pọ̀ òkú ló ń ti inú ilé dé ibojì láìsí ìwé dókítà. Irú ibi bẹ́ẹ̀ ni WHO ṣe ìlànà fífi ọ̀rọ̀ wá ohun tó pa òkú fún, tó sì tẹ ìbéèrè rẹ̀ jáde ní 2007. Ẹni tí wọ́n ti kọ́ á lọ bá ẹni tó tọ́jú olóògbé. Kò ní béèrè "kí ló pa á?", nítorí àmúwá Ọlọ́run tàbí ayé ni yóò gbọ́. Àmì ni yóò máa bèèrè: ibà náà tó ọjọ́ mélòó? Ṣé ó ń wúkọ́ ju ọ̀sẹ̀ méjì lọ? Ọrùn ń le? Bí ọmọ tuntun bá ni, ṣé ó mu ọmú lọ́jọ́ kìíní kí ó tó kọ̀ ọ́? Ìbéèrè tó kẹ́yìn yìí ni ó ń ya tẹ́tánọ́ọ̀sì sọ́tọ̀ nínú gìrì, nítorí ọmọ tó ní tẹ́tánọ́ọ̀sì ń mu ọmú dáadáa ní ọjọ́ méjì àkọ́kọ́, kí ẹnu rẹ̀ tó há. Dókítà tàbí kọ̀ǹpútà ni yóò wá ka ìdáhùn náà, tí yóò fún un ní orúkọ. Iṣẹ́ àwọn ìyá àgbà Lọ́ńdọ̀nù ni, àfi pé ẹni tó béèrè kọ́ ló ń sọ orúkọ àrùn, kò sì sí ẹni tó ń ti ilé pa nítorí ìdáhùn.

Ẹ̀yin tó ń wá ìwé ikú ẹbí nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ẹ wo àpótí ohun tó pa òkú dáadáa. Lórí àwọn ìwé tí wọ́n kọ lẹ́yìn 1845, tí wọ́n ti pín fọ́ọ̀mù fún àwọn dókítà, ẹ ó sábà rí ọ̀rọ̀ náà "certified" lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ àrùn, pẹ̀lú iye ọdún tàbí ọjọ́ tó fi ṣàìsàn. Dókítà ló fọwọ́ sí ìyẹn. Ní 1874 ni òfin tó sọ ọ́ di dandan fún wọn. "Phthisis" jẹ́ ikọ́ ẹ̀gbẹ. "Visitation of God" wá láti ilé ẹjọ́ tó ń wádìí ikú òjijì, àmúwá Ọlọ́run gan-an ni, wọn ò rí ọwọ́ ènìyàn nínú rẹ̀. Bí ẹ bá sì rí "not certified", ẹ wo àpótí tó tẹ̀lé e, ibi tí wọ́n kọ orúkọ ẹni tó wá fi ikú náà sùn sí. Ẹnu ẹni yẹn ni orúkọ àrùn ti jáde, ó lè jẹ́ ọmọ olóògbé, ó sì lè jẹ́ onílé tó kàn ń gba owó yàrá lọ́wọ́ rẹ̀.